Àga Mẹ́ta Níwájú Sínágọ́gù

Nígbà tí Ọlọ́run dá ayé tán, ó gbàgbé láti yan ẹni tí yóò máa bójú tó ibi tí aráyé máa gbé mọ́tò sí. Èrò Heshel Brandwein nìyẹn, kì í ṣe tèmi. Heshel ni alága sínágọ́gù wa ní apá àríwá Ṣìkágò, ó sì gbà tọkàntọkàn pé Ọlọ́run ti rí àṣìṣe náà, ìdí sì nìyẹn tó fi dá òun.

Ẹ jẹ́ kí n júwe rẹ̀ fún yín, kí ẹ lè tètè kí i bí ẹ bá pàdé rẹ̀ lọ́nà, torí ó máa ń ka ẹni tí kò kí i. Ọkùnrin kúkúrú ni, àmọ́ kò mọ̀. Fìlà dúdú rẹ̀ fi ìka méjì ga ju ti gbogbo wa lọ. Bó bá ń bọ̀, ikùn rẹ̀ á kọ́kọ́ wọlé, òun á tẹ̀ lé e, àwọn méjèèjì á wá dúró de ìkíni. Bó bá sì ń sọ̀rọ̀, ṣe ló máa ń dijú. Bí ọ̀rọ̀ bá ṣe ń tóbi sí i ni ojú ń dì pinpin sí i, nítorí náà, fún ọdún mọ́kànlá tó ti wà nípò, kò tíì rí ẹyọ ẹnì kan tó sùn nígbà tí òun ń sọ̀rọ̀.

Nílùú wa, bí yìnyín bá bọ́, òfin kan wà tí kò sí nínú ìwé ìjọba. Ẹni tó bá fi ṣọ́bìrì kó yìnyín kúrò létí títì yóò gbé àga síbẹ̀, kí aráyé lè mọ̀ pé ẹnì kan ti làágùn níbẹ̀. Àga tó kán lẹ́sẹ̀ náà ń ṣiṣẹ́, pákó tí wọ́n fi ń lọṣọ náà ń ṣiṣẹ́. Kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ kàn án. Ìjọba ló ni títì lóòótọ́, àmọ́ ìjọba kọ́ ló ni òógùn.

Alága ò fọwọ́ kan ṣọ́bìrì rí. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ó ní gáréèjì. Ilé kejì sí sínágọ́gù ni ilé rẹ̀, gáréèjì rẹ̀ gba mọ́tò méjì, ó tún ní ẹ̀rọ tó ń mú un móoru. Ẹ bá mi rántí gáréèjì yìí bí a ti ń lọ, torí Alága fúnra rẹ̀ máa ń gbàgbé rẹ̀.

Ní oṣù Dìsẹ́ńbà ọdún tí mò ń sọ yìí, Ọlọ́run ṣíjú àánú wo Ezra Ostrov àti Tzirel ìyàwó rẹ̀. Ezra ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní ìṣirò nílé ẹ̀kọ́ kan, èèyàn jẹ́jẹ́ tí kì í dá sí ọ̀rọ̀ tí kò kàn án. Ọdún mẹ́sàn-án ni òun àti Tzirel fi ń wá ọmọ. Lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè kan, Tzirel bí ọmọkùnrin.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ohun tí ọjọ́ kẹjọ jẹ́ fún ọmọ tuntun, ẹ ò nílò àlàyé púpọ̀. Lọ́dọ̀ wa, ọjọ́ kẹjọ ni ọmọkùnrin ń gba orúkọ, ọjọ́ yẹn náà ni olóòlà ń dá abẹ́ fún un, ojúmọmọ sì ni, kí oòrùn tó wọ̀. Bí oòrùn bá wọ̀, wọ́n ṣì lè ṣe é lọ́la, àmọ́ ọjọ́ kẹjọ ti lọ nìyẹn, owó ò sì lè rà á padà. Ọmọ tí wọ́n fi ọdún mẹ́sàn-án tọrọ, wọn ò fẹ́ kí ọjọ́ rẹ̀ fò ó. Olóòlà tí wọ́n bẹ̀, Reb Nosson (Reb ni a fi ń bọ̀wọ̀ fún àgbà lọ́dọ̀ wa), á ti ìlú Milwaukee wá. Ó ní ọmọ kan láti kọlà níbẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, nítorí náà kò lè dé ọ̀dọ̀ wa kí aago mẹ́ta tó lù. Aago mẹ́rin kọjá ogún ìṣẹ́jú sì ni oòrùn Dìsẹ́ńbà ń wọ̀ ní Ṣìkágò.

Ẹnì kan tún máa ń jókòó gbé ọmọ lẹ́sẹ̀ nígbà tí olóòlà bá ń ṣiṣẹ́, ọlá ńlá sì ni. Bàbá Fishl Karp ni tọkọtaya yìí ní lọ́kàn, télọ̀ àgbà kan tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, tó ń gbàdúrà fún Tzirel ní gbogbo ọdún mẹ́sàn-án yẹn. Àmọ́ lọ́jọ́ kẹta, Alága lọ kí wọn nílé. Ó jókòó, ó jẹ kéèkì, ó nu ẹnu.

"Mo ti gbà," ó ní.

"Ẹ ti gba kí ni, Alága?" Ezra bi í.

"Láti gbé ọmọ lẹ́sẹ̀. Mo mọ̀ pé ojú ló ń tì yín láti bẹ̀ mí. Ẹ má jẹ́ kójú tì yín. Èmi náà èèyàn bíi tiyín ni."

Tzirel wo ọkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ wo ilẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ ṣe di ti Alága nìyẹn.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, yìnyín dé orúnkún. Ezra mú ṣọ́bìrì, ó jáde síwájú sínágọ́gù láàárọ̀, ó sì kó yìnyín títí di ọ̀sán. Àyè mọ́tò mẹ́ta ló là: ọ̀kan fún olóòlà, ọ̀kan fún ìyá Tzirel tó ń fi ọ̀pá rìn, ọ̀kan fún àwọn tó máa gbé oúnjẹ wá. Ó gbé àga ìdáná rẹ̀ mẹ́ta síbẹ̀, ó wọlé lọ fi ọwọ́ tó ti bó sínú omi gbígbóná.

Nígbà tó fi máa di àárọ̀ Mọ́ńdè, àga onífẹ́lífẹ́ẹ̀tì pupa mẹ́ta ló dúró síbẹ̀, àwọn àga ńlá inú sínágọ́gù, èyí tí àwọn èèyàn pàtàkì ń jókòó lé. Àwọn àga Ezra wà lórí òkìtì yìnyín, wọ́n tò wọ́n lérí ara wọn dáadáa, torí Alága kì í ṣe aláìmọ̀wàáhù. Wọ́n sì so ìwé mọ́ àga pupa kọ̀ọ̀kan: ẸNI TÓ BÁ GBÉ ÀGA YÌÍ KÚRÒ, ẸNI BURÚKÚ NI, GẸ́GẸ́ BÍ ÀWỌN ÀGBÀ WA TI WÍ. ÌFỌWỌ́SÍ: H. BRANDWEIN, ALÁGA.

Lẹ́yìn àdúrà àárọ̀, Alága gun orí pèpéle. Ó dijú.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi," ó ní, bí ẹni pé ó rà wá lọ́jà. "Kí ni orí jẹ́ fún ara? Ohun tí iwájú sínágọ́gù jẹ́ fún sínágọ́gù nìyẹn. Kí ni ojú jẹ́ fún orí? Ohun tí Alága jẹ́ fún iwájú sínágọ́gù nìyẹn. Ǹjẹ́ èèyàn lè gbé mọ́tò sójú ẹni?"

"Kò ṣeé ṣe," Getzel Perl dáhùn. Getzel ni akọ̀wé. Iṣẹ́ tó ń ṣe nínú ìgbìmọ̀ ni kó máa dáhùn.

"Tálímúdì, ìwé òfin àwọn àgbà wa, ti sọ ọ́. Òtòṣì kan ń yí búrẹ́dì kan, ó fẹ́ mú un. Ẹlòmíì yọ dé, ó gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́. Kí ni àwọn àgbà pe ẹni tó gbà á? Wọ́n pè é ní ẹni burúkú. Ẹ̀yin ènìyàn mi, èmi ni òtòṣì yẹn." Ó fọwọ́ pa kọ́ọ̀tù onírun rẹ̀ níbi tó ti ń sọ ọ́. "Àyè àkọ́kọ́, ti mọ́tò Alága ni. Àyè kejì, ti ilẹ̀kùn mọ́tò Alága ni, torí ilẹ̀kùn Alága tó bá ṣí níbi tó há, àbùkù ni. Àyè kẹta, ti àlejò Alága ni. Káńsẹ́lọ̀ àdúgbò wa fúnra rẹ̀ ń bọ̀ lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè wá wo bí mo ṣe ń tún ayé ṣe. Lójò, lẹ́ẹ̀rùn, pẹ̀lú yìnyín tàbí láìsí yìnyín, àwọn àga yẹn ò ní kúrò."

"Bí olóde ò bá kú, òde rẹ̀ kì í hu gbégi," Getzel ní.

Rábì Pesach Indig nawọ́ sókè lórí ìjókòó rẹ̀. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ohùn rẹ̀ kì í jáde ju ti ẹni tó ń rẹ ọmọ sùn lọ.

"Alága, ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè kékeré kan. Títì yẹn, ta ló ni ín?"

"Gbogbo ayé ló ni ín, Rábì."

"Àga wá lè sọ ohun tí gbogbo ayé ni di ti ẹnì kan?"

"Àga lásán ò lè ṣe é. Àga Alága ni èyí."

"Àwọn àgbà kan náà ló ní bí ẹnì kan bá rí nǹkan he, tó ju ara rẹ̀ lé e lórí, tí ẹlòmíì wá fọwọ́ mú un, ẹni tó fọwọ́ mú un ló ni ín. Bí odidi èèyàn tó dùbúlẹ̀ lórí nǹkan kò bá lè fi ìyẹn gbà á, báwo ni àga ṣe máa gbà á? Ní ti ẹni tó ń yí búrẹ́dì, ó ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ ni. Ta ló kó yìnyín níwájú sínágọ́gù, Alága?"

Gbogbo èèyàn wo ọwọ́ Ezra. Alága nìkan ni kò wò ó, torí ojú rẹ̀ ṣì dì.

"Rábì kú ẹ̀kọ́," Alága ní. "Getzel, kọ ọ́ sílẹ̀ pé Rábì kú ẹ̀kọ́."

Getzel kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn ìpàdé, Rábì fa Ezra sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní bó bá fẹ́, òun á pe Alága wá jẹ́jọ́. Ezra mi orí.

"Rábì, ọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ayé ni. Mi ò fẹ́ kó jẹ́ ìjà ló máa kọ́kọ́ gbọ́. Olóòlà á ríbi gbé mọ́tò sí."

Èèyàn jẹ́jẹ́ ni mo pè é lẹ́ẹ̀kan, àbí? Nígbà míì, èèyàn jẹ́jẹ́ máa ń bí mi nínú ju aláfojúdi lọ.

Wẹ́sìdeè dé. Ní aago mẹ́ta, sínágọ́gù ti kún. Ìyá Tzirel, tó ti sọ̀ kalẹ̀ ní òpópónà kejì, fi ọ̀pá rìn lórí yìnyín dé ẹnu ọ̀nà, ó sì ń mí hẹlẹhẹlẹ. Tzirel jókòó lápá àwọn obìnrin, ọmọ sùn sí i láyà. Wọ́n ti bu kúgẹ̀lì, ọ̀dùnkún tí wọ́n rin tí wọ́n sì yan, àti ẹja sórí tábìlì nínú gbọ̀ngàn. Olóòlà nìkan ló kù. Alága wò ó pé èrò pé jọ, wọn ò sì ní nǹkan tí wọ́n ń ṣe. Ó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

"Kí gbogbo fóònù di pípa," ó ní. "Mi ò fẹ́ kí nǹkan kan dún nígbà tí mo bá ń sọ̀rọ̀. A ò sì ní bẹ̀rẹ̀ títí Káńsẹ́lọ̀ yóò fi dé, torí ayẹyẹ tí kò ní àlejò pàtàkì, oúnjẹ lásán ni. Lálẹ́ òní, àyájọ́ ikú bàbá mi, Shmelke Brandwein, ló tún bọ́ sí, èmi yóò sì gba àdúrà Kádíṣì fún un láàárín yín lẹ́yìn ayẹyẹ. Ẹ ò rí i pé òní jẹ́ ọjọ́ mi látòkè délẹ̀?"

Kádíṣì ni àdúrà tí ọmọ ń gbà fún òbí rẹ̀ tó ti lọ, kò sì ṣeé gbà bí ọkùnrin mẹ́wàá ò bá pé. Gbogbo èèyàn ṣe àmín, wọ́n pa fóònù. Alága dijú.

Ní aago mẹ́ta kọjá ogún ìṣẹ́jú, Reb Nosson olóòlà yà sí títì wa. Ọkọ̀ rẹ̀ tóbi bí ilé, torí ọmọ mẹ́wàá ló ní. Ó wá àyè. Yìnyín dé orúnkún níbi gbogbo, àga sì wà níbi tí yìnyín kò sí. Ó dé iwájú sínágọ́gù, ó rí àyè mẹ́ta tó mọ́ tónítóní, ó rí àga pupa mẹ́ta, ó fa fèrèsé wálẹ̀, ó ka ìwé, ó wakọ̀ lọ. Ó pe Ezra. Fóònù ti kú. Ó pe Rábì. Fóònù ti kú. Kò lè fi ọkọ̀ dí ọ̀nà kó sọ̀ kalẹ̀, torí lójú tirẹ̀, ẹni tó dí ọ̀nà gbogbo ayé, gbogbo ayé ló jà lólè. Nítorí náà, ó ń yí àdúgbò po, oòrùn sì ń lọ.

Mo ní láti sọ nǹkan kan fún yín níbí, ẹ̀yin nìkan, kí ẹ má sọ fún Alága. Ní nǹkan bí aago mẹ́rin, Káńsẹ́lọ̀ dé. Ó wo àga, ó ka ìwé. Ó ní òun ń wá ìbò ní àdúgbò yìí, òun ò sì ní jẹ́ kí wọ́n pe òun ní ẹni burúkú nítorí ibi tí òun máa gbé mọ́tò sí. Ó yí padà lọ sílé. Kò sẹ́ni tó rí i nínú wa; ẹ̀yìn ìgbà náà ló fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún mi.

Ezra ò lè jókòó mọ́. Ó yọ́ jáde sẹ́nu ọ̀nà ní aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ta, ó sì rí ọkọ̀ olóòlà tó tún ń bọ̀. Ó sáré bọ́ sí títì.

"Reb Nosson, ibo lẹ wà látàárọ̀?"

"Ibí ni mo wà. Mo ti yí àdúgbò yín po nígbà mẹ́sàn-án. Gbogbo ajá ibẹ̀ ti mọ̀ mí. Ta ló ni àwọn àga yìí?"

"Èmi ni mo kó yìnyín. Alága ló gbé àga síbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n gbé e kúrò."

"Dúró ná. Ó ní tòun ni, ìwọ náà ní tìẹ ni. Ẹjọ́ nìyẹn, ọmọ mi. Wọ́n ti dá a?"

Nígbà yẹn, Rábì Indig náà ti jáde. Ó ní, "Mo dá a. Ezra ló ni ẹ̀tọ́ síbẹ̀. Ẹ gbé ọkọ̀ yín síbẹ̀."

"Rábì, ẹ ti gbọ́ tẹnu ẹnì kejì?"

Òfin wa ni pé adájọ́ kì í gbọ́ tẹnu ẹnì kan dájọ́, Rábì fúnra rẹ̀ ló sì fi ń kọ́ wa. "Mi ò tíì gbọ́ ọ," ó ní, ojú tì í.

"Mi ò lè gbé ọkọ̀ sórí ìjà kí n tó fi ọwọ́ kan náà kọlà fún ọmọ. Ezra, lọ bá a. Kó ní ká gbé e. Ọ̀rọ̀ kan péré ni."

Ẹ lè ní olóòlà yìí ti le jù. Ẹni tó bá máa gbé ọ̀bẹ lé ara ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ, èmi fẹ́ kó le.

Ezra sáré wọlé, ó lọ síwájú, ó tẹ̀ sí etí Alága. "Alága, ẹ jọ̀ọ́, olóòlà ti dé, kò ríbi gbé mọ́tò sí. Ẹ yọ̀ǹda àyè kan. Ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún ló kù."

Alága ò la ojú. Inú ẹ̀rọ gbohùngbohùn ló ti dá a lóhùn, kí gbogbo wa lè jàǹfààní rẹ̀. "Ọ̀dọ́kùnrin yìí ń sọ fún mi pé olóòlà kan ò ríbi gbé mọ́tò sí. Ẹ̀yin ènìyàn mi, èmi ni mo fà á tí mọ́tò fi pọ̀ láyé? Bí mo bá yọ̀ǹda fún olóòlà lónìí, lọ́la dókítà á ní kí n yọ̀ǹda, lọ́túnla panápaná á dé. Àyè Káńsẹ́lọ̀ ni. Kí olóòlà ní sùúrù bíi ti àwọn baba wa nínú aginjù, tí wọ́n fi ogójì ọdún rìn láìwá ibi ìgbọ́kọ̀sí."

"Ogójì ọdún," Getzel ní.

"Jókòó, ọmọ mi. Mo ṣì ń bọ̀ wá sórí kókó ọ̀rọ̀."

Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà wà nínú sínágọ́gù lọ́jọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ sísọ ni kò jẹ́ kó ráyè.

Ezra kò jókòó. Ó bojú wo apá àwọn obìnrin. Tzirel ti dìde. Kò pariwo. Ó fi ìbòrí òwú wé ọmọ lẹ́ẹ̀mejì, ó rìn gba àárín sínágọ́gù, níbi tí obìnrin kì í gbà lọ́dọ̀ wa, ó sì dúró lọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀.

"Níbo ni olóòlà wà?"

"Nínú ọkọ̀. Lójú títì."

"Inú ọkọ̀ yẹn móoru?"

"Ó móoru."

"Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi dúró de ọmọ yìí, Ezra. Mi ò ní bá wọn dúró de káńsẹ́lọ̀. Gbé e."

Ezra gba ọmọ. Ó kọjá lọ́dọ̀ Bàbá Fishl, ó ní, "Bàbá, ẹ dìde, ẹ̀yin lẹ máa gbé e lẹ́sẹ̀." Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ kí Ezra sọ ohun tó fẹ́ fún ẹnikẹ́ni. Bàbá Fishl dìde bí ọmọ ogún ọdún.

Ìyá Tzirel tẹ̀ lé wọn. Àwọn ará ìlà àkọ́kọ́ tẹ̀ lé e, wọ́n ń fi ìka ẹsẹ̀ rìn. Ìlà kejì bọ́ bàtà wọn, wọ́n gbé e lọ́wọ́. Alága ń sọ̀rọ̀ lórí iyì ìjókòó. Bí ilé ṣe ń dákẹ́ sí i ni ohùn rẹ̀ ń ròkè sí i, torí ó rò pé ọ̀rọ̀ òun ló wọ̀ wá lára. Ó ku Getzel nìkan. Getzel wo ẹnu ọ̀nà, ó wo Alága, ó tún wo ẹnu ọ̀nà. Òórùn kúgẹ̀lì ń kọjá lọ, torí àwọn obìnrin ti ń gbé oúnjẹ jáde láti inú gbọ̀ngàn. Ó ní "Bẹ́ẹ̀ ni" lẹ́ẹ̀kan sí i, kó lè jẹ́ pé ó parí iṣẹ́ rẹ̀, ó sì yọ́ lọ.

Lójú títì, ọkọ̀ olóòlà dúró láàárín ọ̀nà, ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́; ó gbà láti dúró torí Rábì ṣèlérí pé òun á tọrọ àforíjì lọ́wọ́ gbogbo ẹni tí ọ̀nà bá dí mọ́. Mọ́tò mẹ́fà ti tò sẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń fọn fèrè. Rábì Indig lọ bá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tọrọ àforíjì pé òun ti jí ọ̀nà wọn gbé fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ ló fà á. Awakọ̀ àkọ́kọ́ dákẹ́ fèrè. Èkejì sọ̀ kalẹ̀, ó ṣí fìlà, ó wá wòran. Bàbá Fishl jókòó sí ìjókòó ẹ̀yìn, láàárín bàtà àti ìwé àwọn ọmọ Reb Nosson, wọ́n gbé ọmọ lé e lẹ́sẹ̀. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì lè nù ún, torí ọwọ́ rẹ̀ di ọmọ mú. Ezra sọ ọ̀rọ̀ tí bàbá ń sọ. Olóòlà ṣe tirẹ̀. Ọmọ ké, wọ́n kan wáìnì mọ́ ọn lẹ́nu, wọ́n sì sọ ọ́ ní Menashe. Nígbà tí olóòlà wo aago, ìṣẹ́jú mẹ́rin ṣì kù kí oòrùn wọ̀.

Gbogbo èèyàn kọrin, wọ́n jó lórí yìnyín. Àyè mọ́tò mẹ́ta wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn níbẹ̀, ó mọ́, ó gbẹ, kò sí ohun kankan nínú rẹ̀ ju àga. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. A pa òfin Alága mọ́ láìkù síbì kan.

Lẹ́yìn náà, wọ́n gbé oúnjẹ lọ sí ilé Ezra ní òpópónà kejì, gbogbo ìjọ sì bá a lọ. Ilé náà kéré, àwọn kan jókòó lórí àtẹ̀gùn. Níbi tí wọ́n ti ń jẹun, ẹnì kan ní ṣé a ò lè yan alága mìíràn ni. Wọ́n ní ta? Wọ́n ní Bàbá Fishl. Wọ́n nawọ́ sókè. Ọwọ́ Getzel ló kọ́kọ́ lọ sókè. Ọ̀rọ̀ náà ò gbà tó àkókò tí èèyàn fi ń bu kúgẹ̀lì kejì. Ọdún mọ́kànlá tú láàárín òkèlè méjì, kò sì sẹ́ni tí oúnjẹ há lọ́fun.

Ní gbogbo àkókò yìí, Alága ń sọ̀rọ̀. Nígbà tó dé ibi tí èèyàn ti máa ń pàtẹ́wọ́, kò gbọ́ àtẹ́wọ́. Ó la ojú. Ó rí àwọn ìjókòó. Ó wo abẹ́ wọn díẹ̀. Ó jáde síta, ó rí ilẹ̀ tí wọ́n ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ àti ife wáìnì kan nínú yìnyín. Ó ka àga rẹ̀: mẹ́ta ni, wọ́n pé. Ara rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀. Ó sì jókòó sórí ti àárín láti dúró de Káńsẹ́lọ̀.

Ilẹ̀ ti ń ṣú. Nílé Ezra, wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ àdúrà alẹ́ nígbà tí Bàbá Fishl ní kí wọ́n dúró. Ó wọ kọ́ọ̀tù, ó rìn padà sí sínágọ́gù, ó ń gbé ẹsẹ̀ ní kọ̀ọ̀kan.

"Heshel, kí lo ń ṣe nínú òtútù yìí?"

"Mò ń ṣọ́ àyè Káńsẹ́lọ̀ ni, Bàbá. Ó lè yọ nígbàkigbà."

"Àyájọ́ bàbá rẹ ti wọlé. A ti tó ọgbọ̀n ọkùnrin nílé Ezra, ìwọ là ń dúró dè. Wá gba Kádíṣì fún Shmelke."

"Kí wọ́n wá síbí. Ibí ni sínágọ́gù wà. Èmi ni alága."

Bàbá Fishl mọ ohun tó yẹ kó sọ fún un, àmọ́ kò lè sọ ọ́. Ó fọwọ́ gbá yìnyín kúrò léjìká rẹ̀.

"Mo mọ bàbá rẹ. Òun ló máa ń kó yìnyín gbogbo títì yìí kí ilẹ̀ tó mọ́, kò sì gbé àga sílẹ̀ rí. Mo bi í nígbà kan pé kí ló dé. Ó ní ta ló máa fẹ́ jókòó nínú òtútù. Dìde, ọmọ mi. Èèyàn ń dúró dè ẹ́."

Ojú Heshel là sílẹ̀ gedegbe, ó sì wo ojú Bàbá Fishl, bóyá fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀. Ó dìde. Ó gbé ẹsẹ̀ kan lé orí títì. Ìgbà yẹn gan-an ni iná mọ́tò kan yà wọlé láti ìkòríta, ó rọra ń bọ̀, ó ń wá àyè.

Heshel fa ẹsẹ̀ rẹ̀ padà. Ó jókòó.

"Bí mo bá lọ, Bàbá," ó ní, "ta ló máa bá mi ṣọ́ ibí?"

Mọ́tò náà kọjá lọ. Bàbá Fishl dúró tì í díẹ̀, bóyá á tún dìde, àmọ́ kò dìde. Nígbà tó yá, bàbá àgbà náà padà sí ilé Ezra, òun ló sì gba Kádíṣì fún Shmelke Brandwein lálẹ́ ọjọ́ yẹn, gbogbo ilé sì ṣe àmín.